Ẹ̀yin àjọ NFF, kì í ṣe ìràwọ̀ la ṣaláìní

Sí Ààrẹ àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ àjọ NFF,
Abuja.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹrù tó wà lọ́rùn yín gẹ́gẹ́ bí àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù Nàìjíríà kì í ṣe kékeré, nítorí kò sí ohun tó ń so wá pọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí tó bọ́ọ̀lù. Mo ń kọ lẹ́tà yìí sí yín lójú gbogbo ayé nítorí gbólóhùn kan tí mò ń gbọ́ láti alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí DR Congo fi pẹnárítì lé wa padà sílé láti Rabat, tí ọ̀nà wa sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé sì tún dí lẹ́ẹ̀kejì léraléra. Gbólóhùn náà ni pé, "Ká ní Osimhen kò fara pa ni." Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo gbọ́ ọ nínú mọ́tò, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí gbólóhùn yìí bá di ìtàn tí gbogbo wa gbà gbọ́, a ó tún lo ọdún mẹ́rin mìíràn láti máa wá ẹnì kan ṣoṣo tí yóò gbà wá, iṣẹ́ tó yẹ kí a ṣe yóò sì wà nílẹ̀ láìṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí mo gbà. Victor Osimhen wà lára àwọn atamátàsé tó dára jù lọ tí Nàìjíríà tíì bí. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ tí a fi wá ọ̀nà sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2026, kò sí níbẹ̀. A ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Lesotho nílé wa ní Uyo. A ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Zimbabwe. A ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú South Africa. Benin wá nà wá 2-1 ní Abidjan. Àmì mẹ́ta péré la rí mú nínú méjìlá. Nígbà tó padà dé, òun ló gbá méjèèjì tí a fi na Rwanda ní Kigali, òun náà ló gbá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí a fi na Benin ní Uyo ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tó bá ní Osimhen kò já mọ́ nǹkan kan, irọ́ ló ń pa.

Àmọ́ kí ni gbogbo èyí fi hàn? Àwọn kan ní ó fi hàn pé ikọ̀ tí kò bá ní ìràwọ̀ kò lè dé ibì kankan. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ta ni ìràwọ̀ Lesotho? Bí ẹ bá bi èèyàn ní ọjà Dùgbẹ̀ pé kó dárúkọ agbábọ́ọ̀lù Lesotho kan ṣoṣo, yóò kàn máa wò yín ni. Síbẹ̀ wọ́n wá sí Uyo, wọ́n kojú àwọn ọmọ wa tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun nílẹ̀ Yúróòpù, wọ́n sì bá wa pín àmì lójú àwọn èèyàn wa. Àwọn tó lórúkọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa lọ́jọ́ yẹn bí Osimhen kò tiẹ̀ sí. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ikọ̀.

Ẹ tún wo ẹni tó borí nínú ìsọ̀rí wa. South Africa kò ní ẹnì kan tí wọ́n lè gbé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Osimhen tàbí Ademola Lookman. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn, inú líìgì ilé ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ní Mamelodi Sundowns àti Orlando Pirates. FIFA tiẹ̀ tún yọ àmì mẹ́ta kúrò nínú tiwọn nítorí pé wọ́n lo agbábọ́ọ̀lù kan tí òfin kò gbà láàyè lọ́jọ́ tí wọ́n kojú Lesotho. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, àmì 18 ni wọ́n fi parí. Àwa àti Benin ní 17.

Ohun tí wọ́n ní tí àwa kò ní ni pé ọkùnrin kan náà ló ń darí wọn láti ọdún 2021, Hugo Broos, ará Belgium. Àwa ńkọ́? José Peseiro ló bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò náà, ó sì lọ. Finidi George gba ipò rẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì péré ló darí lójú ọ̀nà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé kó tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ kéde Bruno Labbadia, àdéhùn náà sì forí ṣánpọ́n kó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ yìí. Ó di oṣù Kìíní ọdún 2025 kí Éric Chelle tó gba iṣẹ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́ta fún ìrìn àjò kan ṣoṣo! Bí wọ́n bá gbé ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ fún ọ̀gá mẹ́ta láàárín ọdún kan àti díẹ̀, ta ló máa retí pé kó mọ agbádá gé? Ọ̀gá kìíní ní kó gé e báyìí, èkejì ní kó tú u, ẹ̀kẹta kò tíì mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ bá mi dúró díẹ̀ sí i lórí ọ̀rọ̀ Broos yìí, nítorí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló ti ṣe é. Ní ọdún 2017 òun ló kó Cameroon lọ sí AFCON, ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà, ní Gabon. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù tó lórúkọ, Joël Matip ti Liverpool lára wọn, sọ pé àwọn ò ní lọ. Broos kò bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kiri. Ó kó àwọn tó ṣe tán láti bá a lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ tí a kò gbọ́ orúkọ wọn rí, wọ́n sì dé àṣekágbá, níbi tí Egypt ti Mohamed Salah ti ń dúró dè wọ́n. Egypt ló kọ́kọ́ gbá wọlé. Nicolas Nkoulou tó wọlé láti orí bẹ́ǹṣì ló dá a padà. Vincent Aboubakar, tí òun náà wọlé láti orí bẹ́ǹṣì, ló gbá èyí tó gba ife nígbà tó ku díẹ̀ kí fèrè dún. Ẹ̀yin àgbà, àwọn méjì tí kò bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà ló gba ife fún Cameroon. Ohun tí mò ń pè ní ikọ̀ nìyẹn.

Egypt fúnra wọn lè jẹ́rìí sí i. Kí Salah tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n ti gba AFCON lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, ní 2006, 2008 àti 2010, lábẹ́ Hassan Shehata, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ní Cairo. Wọ́n mọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Salah wá dé, ẹni tó ga ju gbogbo wọn lọ lórúkọ, àṣekágbá méjì ni wọ́n dé pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì pàdánù méjèèjì. Salah kọ́ ló fà á. Mò ń sọ pé orúkọ ńlá kan kò dí àyè ikọ̀ tó ti tú ká.

Bí a bá sì fẹ́ mọ bí ìràwọ̀ kan ṣoṣo ṣe lè gbé orílẹ̀-èdè jìnnà tó, ìtòsí wa níbí ni ìdáhùn wà. George Weah ti Liberia gba Ballon d'Or, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, ní 1995. Títí di òní, òun nìkan ni ọmọ Áfíríkà tó gbà á rí. Liberia rí AFCON lẹ́ẹ̀mejì nígbà tirẹ̀, ní 1996 àti 2002, wọn kò sì kọjá ìsọ̀rí nínú èyíkéyìí. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé? Wọn kò débẹ̀ rí. Ọkùnrin yìí ń fi owó ara rẹ̀ ran ikọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀nà sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2002, ó kù díẹ̀ gan-an kí wọ́n rí i. Àwa la gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́: Nàìjíríà parí pẹ̀lú àmì 16, Liberia ní 15. Bí mo bá rántí rẹ̀, àánú ọkùnrin náà máa ń ṣe mí. Ó ṣe gbogbo ohun tí ẹnì kan lè ṣe, ó tiẹ̀ ṣe kọjá rẹ̀. Àwọn tó yẹ kó ṣe ìyókù kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Ẹnì kan lè ní, "Maradona ńkọ́? Messi ńkọ́?" Mo gbọ́. Maradona ṣe ohun tí ojú kò rí rí ní Mexico lọ́dún 1986, n kò lè bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ti Messi ni ẹ jẹ́ kí n fèsì sí. Messi kan náà tó gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Qatar lọ́dún 2022 ló pàdánù àṣekágbá mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́ta tẹ̀léra, 2014, 2015 àti 2016. Nígbà yẹn gan-an ni ara rẹ̀ le jù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá jù. Àwọn tó yí i ká ló yí padà: Lionel Scaloni kọ́ ikọ̀ kan tí àwọn ọ̀dọ́ inú rẹ̀ ń sáré níbi tí Messi kò ti lè sáré mọ́, Emiliano Martínez sì ń dúró lẹ́nu ilé bí odi.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé o. Ife AFCON mẹ́ta la ní, mo sì fẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò, torí àwọn tó ní "ìràwọ̀ la fi gba gbogbo rẹ̀" kò rántí dáadáa.

Ní 1980, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, 3-0 la fi na Algeria nínú àṣekágbá. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì, Muda Lawal gbá ẹ̀kẹta. Ṣáájú ìyẹn, Felix Owólabí ló gbá ẹyọ kan tí a fi yọ Morocco kúrò lọ́nà. Best Ogedegbe ló wà lẹ́nu ilé. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọmọ IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn ni wọ́n, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ gba ife ilẹ̀ Áfíríkà wá sí Nàìjíríà ní 1976. Christian Chukwu tó jẹ́ balógun wá láti Rangers ti Enugu. Àwa ará Ìbàdàn ń pe Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical", a fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó, a sì tún fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń fún un ní bọ́ọ̀lù ní Sùúrùlérè ni ẹni tó ti ń fún un láti ọdún yìí wá ní Ìbàdàn. Kò nílò láti wojú rẹ̀ kó tó mọ ibi tí yóò sáré sí. Líìgì ilé ló bí ikọ̀ yẹn.

Ti 1994 ni wọ́n sábà máa ń fi bá mi jiyàn, torí Rashidi Yekini wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, òun ni agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà fún 1993, góòlù márùn-ún tó gbá ní Tunisia ló sì pọ̀ jù nínú ìdíje náà. Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Àmọ́ lọ́jọ́ àṣekágbá, tí Zambia ti kọ́kọ́ gbá wọlé, Emmanuel Amunike ló gbá méjèèjì tí a fi borí. Nígbà tí gbogbo ojú àwọn ará Zambia wà lára Yekini, ẹlòmíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ tó lè pa wọ́n lára. Finidi wà níbẹ̀, Amokachi wà níbẹ̀, Okocha wà níbẹ̀, Stephen Keshi sì jẹ́ balógun gbogbo wọn. Ohun tí ẹnu kì í sábà kàn ni pé Clemens Westerhof ti wà lórí iṣẹ́ náà láti 1989. Ní 1990 ó dé àṣekágbá, Algeria nà wá 1-0. Ní 1992 a ṣe ipò kẹta. Kò sí ẹni tó lé e. Wọ́n fún un láyè, ó kọ́ àwọn ọmọ náà ní díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì gbó sí i lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ lásìkò yìí ni, ṣé a ó fi sílẹ̀ lẹ́yìn tó pàdánù àṣekágbá? Mo bi yín tọkàntọkàn.

Ti 2013 ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Keshi ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó fi àwọn orúkọ ńlá kan sílẹ̀ sílé, Osaze Odemwingie àti Obafemi Martins lára wọn, ariwo sì sọ. Àwọn ọmọ inú líìgì ilé ló mú. Ó mú Godfrey Oboabona láti Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, ó mú Azubuike Egwuekwe láti Warri Wolves, ó mú Sunday Mba tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Nígbà tí a kojú Côte d'Ivoire, ẹ rántí àwọn tó wà lọ́dọ̀ wọn: Didier Drogba, Yaya Touré tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà lásìkò yẹn, Gervinho. Ẹni tó bá fi orúkọ ka bọ́ọ̀lù ti ka wá mọ́ àwọn tó ń lọ sílé. Emmanuel Emenike gbá ọ̀kan fún wa, Tioté tiwọn dá a padà, Sunday Mba wá gba bọ́ọ̀lù ní àárín, ó gé àwọn ará ibẹ̀ kọjá, ó sì gbá a wọlé. 2-1. Emenike fara pa kó tó di àṣekágbá, òun tó gbá góòlù jù fún wa. Kí ló ṣẹlẹ̀? Kò sí ẹni tó ní "ká ní Emenike wà". Mba tún gbá èyí tó na Burkina Faso 1-0, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé níbí ló sì gba ife Áfíríkà fún Nàìjíríà ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2013.

Ní ọjọ́ kejì ìṣẹ́gun náà, Keshi kéde pé òun ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, torí ìwà tí wọ́n hù sí i nígbà ìdíje kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Wọ́n pàrọwà fún un kó tó padà. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ wà lórí àlééfà nígbà náà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àga kan náà lẹ jókòó sí.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ owó, tí n kò lè fò kọjá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ọjọ́ méjì péré kí a tó kojú Gabon ní Rabat, àwọn agbábọ́ọ̀lù àti òṣìṣẹ́ ikọ̀ kọ̀ láti ṣe ìgbáradì nítorí owó àjẹmọ́nú tí wọ́n ní a jẹ àwọn. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì na Gabon 4-1 lẹ́yìn àfikún àkókò, Osimhen gbá méjì. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ara tó ti rẹ̀, DR Congo dé. Frank Onyeka gbá wọlé fún wa ní ìṣẹ́jú kẹta, Meschack Elia dá a padà, Osimhen kò sì jáde fún abala kejì mọ́. Láti ìgbà náà títí tí àfikún àkókò fi parí, a kò rí góòlù kankan mọ́. Irú àìgbọ́ra-ẹni-yé lórí owó yìí ti ṣẹlẹ̀ ní Brazil lọ́dún 2014, kí a tó kojú France. Àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin wa náà jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì ní Abuja lọ́dún 2016, ife lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ò lọ àfi kí wọ́n sanwó àwọn. Kò sí ìràwọ̀ tó lè gbá ìyẹn wọlé. Messi, Maradona àti Pelé ìbáà péjọ sínú kám̀pù wa, bí ọkàn wọn kò bá balẹ̀ lórí ohun tí a jẹ wọ́n, ìgbáradì tí wọn kò ṣe kò ní dá ara rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin wa yìí dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ sí i. Asisat Oshoala ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó wà nínú ikọ̀ tó lọ sí Morocco fún ìdíje ife àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù Keje ọdún 2025, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù púpọ̀ níbẹ̀. Justine Madugu, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, lo àwọn tí ara wọn yá jù. Nínú àṣekágbá, Morocco ti gbá méjì sí wa nílé ara wọn kí abala kìíní tó parí. Esther Okoronkwo, Folashade Ijamilusi àti Jennifer Echegini, ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ló gbá mẹ́ta tí a fi borí. Rasheedat Àjíbádé gbé ife kẹwàá sókè. Oshoala bá wọn yọ̀. N kò mọ ẹ̀kọ́ mìíràn tí ẹ tún lè wá lọ sílẹ̀ òkèèrè nígbà tí èyí wà nínú ilé yín.

Àwọn ọkùnrin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe irú rẹ̀. Ní AFCON tó wáyé ní Côte d'Ivoire níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Osimhen ṣẹ̀ṣẹ̀ di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà ni. Góòlù kan ṣoṣo ló gbá nínú gbogbo ìdíje náà. Síbẹ̀ a dé àṣekágbá, torí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin tẹ̀léra la gbá tí ẹnikẹ́ni kò gbá bọ́ọ̀lù kọjá Stanley Nwabali. Chippa United ní South Africa ni Nwabali ti wá, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Òun ló mú pẹnárítì méjì tí a fi borí South Africa. William Troost-Ekong, tó ń gbá ẹ̀yìn, ni wọ́n sọ pé ó ta gbogbo ènìyàn yọ nínú ìdíje náà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára Osimhen nígbà yẹn ni bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Òun ló já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn fún Cameroon, tó fi lé Lookman lọ́wọ́ láti gbá a wọlé. Ìràwọ̀ tó bá gbà láti ṣiṣẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ yòókù, ìbùkún ni. Ẹ jẹ́ kó rí ẹgbẹ́ tí yóò bá ṣiṣẹ́.

Ní ìdíje tó tẹ̀lé e ní Morocco, góòlù 14 la gbá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún, a sì ń jó. Nígbà tí a kojú Morocco tó ń gbàlejò, wọ́n ti iwájú wa pa fún 120 ìṣẹ́jú, kò sí góòlù kankan, wọ́n sì fi pẹnárítì lé wa jáde. A na Egypt lẹ́yìn náà, ipò kẹta la ṣe. Ẹ má kà á sí àìríire lásán. Morocco ti ń kọ́ ilé bọ́ọ̀lù wọn láti ọdún 2009, nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Mohammed VI sílẹ̀ nítòsí Rabat. Youssef En-Nesyri, Nayef Aguerd àti Azzedine Ounahi jáde láti ibẹ̀, wọ́n sì wà nínú ikọ̀ tó dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá ní Qatar lọ́dún 2022, èyí tí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan kò ṣe rí. Ní 2025 àwọn ọ̀dọ́ wọn tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún na Argentina 2-0, wọ́n sì gba ife àgbáyé.

Àwa náà ti ní irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Ibo ni ẹ rò pé Osimhen ti wá? Láti Olúsosùn nílùú Èkó ló ti wọ Golden Eaglets, ikọ̀ àwọn ọmọdékùnrin wa, tó lọ gbá góòlù mẹ́wàá ní Chile lọ́dún 2015, tí a sì gba ife àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 fún ìgbà karùn-ún. Ta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn? Emmanuel Amunike, ẹni tó gbá méjèèjì wọlé fún wa nínú àṣekágbá 1994. A kò tún gba ife náà mọ́ láti ìgbà yẹn. Ìràwọ̀ tí a ń dúró dè yìí, ikọ̀ tí a kọ́ ló bí i, a sì ti dẹ́kun àtikọ́ irú rẹ̀.

Dípò bẹ́ẹ̀, ojú wa ti lọ sí London. Gbogbo ìgbà tí ọmọ Yorùbá tàbí ọmọ Igbo kan bá ti tàn níbẹ̀, a ó máa bẹ àwọn òbí rẹ̀. N kò ní kí ẹ má pè wọ́n. Lookman, tí wọ́n bí ní London, tó gba ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ fún England ní 2017, ti fi tọkàntọkàn sìn wá. Ola Aina náà ńkọ́. Àmọ́ bí Bukayo Saka bá yan England, kò yẹ kó dà bí ẹni pé ilé wa ti jó.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju agbára yín lọ. Ẹ yan akọ́nimọ̀ọ́gbá, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí tí ìrìn àjò kan yóò fi parí, kódà bó bá pàdánù níbi tí ọkàn wa ti gbọgbẹ́. Ẹ kọ àdéhùn owó àjẹmọ́nú sílẹ̀ kí àwọn ọmọ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ẹ sì gbé e jáde kí gbogbo wa rí i. Ẹ jẹ́ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá máa kó àwọn ọmọ líìgì ilé jọ fún ìgbáradì lóòrèkóòrè, kí irú Sunday Mba lè rí ojú rẹ̀, torí ẹni tí a kò wò, a kò lè rí. Ẹ tún ikọ̀ Golden Eaglets ṣe. Kí àwọn atamátàsé wa yòókù, Akor Adams àti Tolu Arokodare, sì máa gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ gidi nígbà tí Osimhen wà lálàáfíà, kó má jẹ́ ọjọ́ tó bá ń tiro ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí yóò dúró sí iwájú.

Mo ń bẹ̀ yín nítorí òun náà. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló gbé lé ejìká ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń sọ fún wa léraléra pé ẹrù náà wúwo. Tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2030 bá dé, yóò ti pé ẹni ọdún 31. AFCON ọdún 2027 tí Kenya, Tanzania àti Uganda fẹ́ gbàlejò sún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ ká gbọ́ ètò yín lórí àwọn nǹkan tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí kí ẹ tó tún pe àwọn ọmọ náà sí kám̀pù. Orí líìgì ilé àti àdéhùn owó ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olólùfẹ́ Super Eagles kan láti Ìbàdàn.